Ìyàwó Kékeré Inú Ìgò

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Etí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì mú. Láàárọ̀ yìí ni àbíkẹ́yìn yín na fóònù sí mi lójú, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ wo ẹja yìí, orí ẹ̀ dà bí orí ẹṣin!" Ó rò pé ohun tuntun lòun ń fi hàn mí. Mo wò ó, mo bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Mo ní, orogún mi nìyẹn. Ẹ má rò pé orí mi ti dàrú o. Ní ilé ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èmi ni ìyálé ẹja yẹn, gbogbo ilé ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ jókòó, kí n tú àkísà tèmi fún yín.

Èkó tí mò ń sọ kọ́ lẹ ń wò yìí. Òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí nígbà náà. Láàárọ̀, ládàánì ló máa kọ́kọ́ pe ìrun àsùbáà, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà lápá CMS á dáhùn, ọkọ̀ òkun tó gúnlẹ̀ sí Màrínà á wá fọn fèrè bí ẹni pé òun náà fẹ́ẹ́ kírun. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàá gbọ́ ọ̀bẹ àwọn obìnrin ilé wa lára ìpẹ́ ẹja, ṣàrà, ṣàrà, ṣàrà. Ilé ẹlẹ́ja ni wá. Àwọn ọkùnrin ń pa á, àwọn obìnrin ń là á, wọ́n ń yan án, wọ́n ń gbé e lọ sọ́jà. Omi ọ̀sà súnmọ́ wa débi pé bí ọmọ bá ju bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé, ọlọ́kọ̀ ló máa bá a mú un. Ẹ lọ wo ibẹ̀ lónìí. Wọ́n ti da yanrìn sí i, wọ́n ti kọ́lé lé e, mótò ló ń sáré níbi tí ọkọ mi ti ń ta àwọ̀n.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, wọ́n sì gbé mi wá sílé ọkọ ní tòótọ́, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi àti orin. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pe ọkọ yín lórúkọ, ẹ ń pe ìyá ọkọ lórúkọ, mo ń gbọ́ yín. Nígbà tiwa, ẹnikẹ́ni tí ìyàwó bá bá nínú ilé, títí dé ọmọ ọwọ́, ọkọ ẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló máa wá orúkọ míì fún un. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó jẹ́ pé mo jù ú lọ, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń pè é, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wọlé lẹ́yìn tìẹ, ìbáà jẹ́ ológbò, àbúrò ẹ ni, ìwọ ni ìyálé ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyá ọkọ mi, Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Obìnrin pẹ́lẹ́bẹ́, olóhùn líle. Kò sí ẹja tó wà nínú omi Èkó tí kò tíì la inú ẹ̀ rí. Ó fẹ́ràn mi, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀rọ̀ kan, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ ẹ̀, ìyẹn ọkọ mi, kò jẹ́ já a níyàn láéláé.

Mo bí Rámátù, àkọ́bí mi, nígbà tí òjò ń dáwọ́ dúró. Inú ilé dùn, a sọ ọ́ lórúkọ, a jẹ, a mu. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo lọ bá wọn gbé ẹja létí omi, mo tẹ pákó tí ìpẹ́ ẹja ti mú kó máa yọ̀, ni mo bá ṣubú lulẹ̀ gbìì. Egungun ẹsẹ̀ mi dá. Wọ́n lọ pe baba kan tó ń to egungun wá láti Olówógbowó. Ó fi ọparun di ẹsẹ̀ mi pinpin, ó ní n kò gbọdọ̀ dìde dúró títí oṣù méjì. Oṣù méjì! Èmi tí mi ò lè jókòó jẹun kí n má dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọmú mi wà, ọmọ ń mu ún dáadáa lórí ẹní níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ò kan fẹ́ ọmú nìkan, ó fẹ́ ẹ̀yìn tó máa pọ̀n ọ́n. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀n ọ́n, ó ké. Ìyá ọkọ mi pọ̀n ọ́n, ó ké bí ẹni tí wọ́n ń fi iná jó. Ìyàwó aládùúgbò gbà á, ó ké títí ohùn fi há. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi ti omi dé, ó gbọ́ igbe. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó fa aṣọ mi kan lórí okùn, ó fi dè é. Rámátù mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sùn. Ẹ mọ bí àwọn ọlọ́kọ̀ ṣe ń rìn, bí ẹni pé ilẹ̀ náà ń mì? Bóyá ìrìn yẹn lọmọ fẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò tún gba ẹ̀yìn ẹlòmíì mọ́.

Mo máa ń rí àwọn géńdé ní Ìkòyí báyìí, tí wọ́n fi báàgì so ọmọ máyà, tí wọ́n sì ń rìn bí ọba. Inú mi máa ń dùn. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ẹ ò lè rí i. Ọkùnrin máa gbé ọmọ lé itan, ó máa fi ṣeré, ṣùgbọ́n kó pọnmọ jáde, kó lọ jókòó létí omi kó máa tún àwọ̀n ṣe? Bùráímọ̀ ló kọ́kọ́ rí ọkọ mi níbẹ̀ tòun tọmọ lẹ́yìn. Apẹja lòun náà, ọkọ̀ ẹ̀ kì í jìnnà sí tọkọ mi, ẹnu ẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yanrìn, ó ní, "Ìyá Rámátù, ẹ kú ọmọ lẹ́yìn o!" Gbogbo etí omi fi rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọ̀túnla, orúkọ yẹn ti dé ọjà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kò ṣé é kó.

Ìyá ọkọ mi bá mi lórí ẹní. Ó jókòó, ó tú gèlè, ó tún un wé, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńbẹ.

"Ìyàwó, mi ò bá ẹ jà o. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjà ni wọ́n ti ń bi mí bóyá lóòótọ́ lọmọ mi ọkùnrin di obìnrin. Ojú ń tì mí. Sátidé tó bá tẹ̀lé Mọ́lúdì, ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ máa gbéra ní Ẹbúté Èrò. Rámátù máa bá a lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí ẹ, títí ẹsẹ̀ ẹ á fi san."

Mo ní, "Màámi, ọmú ńkọ́?"

"Ògì wà ní Ẹ̀pẹ́. Mílíìkì inú agolo náà wà níbẹ̀."

Ó dìde, ó lọ. Mo mọ̀ pé bí ọmú mi bá gbẹ, kò ní padà wá. Mo sì mọ àwọn ọmọ tí wọ́n ní wọ́n á lo oṣù méjì lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tí wọ́n dàgbà síbẹ̀, tí wọ́n wá ń pe ìyá tó bí wọn ní àǹtí. Nígbà tọ́kọ mi dé, mo sunkún fún un. Ó ní, "Màámi ló sọ ọ́." Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò sì jẹun lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kẹta ló gbé ìgò kan wọlé, irú ìgò fífẹ̀ tí wọ́n máa ń kó súìtì sí ní ṣọ́ọ̀bù. Omi ọ̀sà ló bu sínú ẹ̀, ó ki ẹ̀ka igi kan bọ̀ ọ́. Ó gbé e síwájú ẹní mi, ó ní, "Mo mú àlejò wá bá ẹ." Mo wò ó. Ẹja kan, gígùn ẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ lọ, dúró lóòró nínú omi, orí ẹṣin lórí ẹ̀, ó fi ìrù lọ́ mọ́ igi yẹn bí ọmọ tó di ìka ìyá ẹ̀ mú. Ojú ẹ̀ kan ń wò mí, ìkejì ń wo ọkọ mi. Ikùn ẹ̀ sì yọ síwájú rondo. Mi ò mọ̀gbà tí mo rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tọ́kọ mi ṣe fún mi láyé, mi ò lè gbàgbé ẹja yẹn.

Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín mi, ó yọjú. Ó wo ìgò, ó wo ikùn, ó pariwo síta: "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀gbọ́n mi ti gbéyàwó lé ìyàwó wa! Oyún sì ti wà nínú ẹ̀ kó tó wọlé!" Gbogbo obìnrin ilé rọ́ wọlé. Wọ́n ní èmi ló bá nílé, torí náà kó kúnlẹ̀ kí mi. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyàwó Kékeré. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá ti jí, á ní, "Ìyàwó, ṣé Ìyàwó Kékeré jí dáadáa?"

Ọkọ mi ló kọ́ mi níwà ẹ̀. Àwọn apẹja kan ń pè é ní ẹṣin omi, àwọn míì ò tilẹ̀ pè é ní nǹkan kan, wọ́n á kàn já a kúrò lára àwọ̀n, wọ́n á jù ú sómi. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹja tí kò mọ omi í wẹ̀! Ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ́yìn ẹ̀ ló fi ń ti ara ẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, torí náà ìrù ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ibi tí omi kì í ti í ru gùdù ló ń gbé, níbi tí koríko omi hù sí, àti lábẹ́ igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò ẹ̀ máa ń ta wọnú omi bí ẹsẹ̀ akàn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń rí i, nígbà tómi òkun bá rọ́ wọ inú ọ̀sà. Bí òjò bá ti dé gidi, tí omi òjò lé omi iyọ̀ padà, ẹ ò ní rí i mọ́ títí ọyẹ́ á fi tún fẹ́. Ẹnu ẹ̀ gùn bí fèrè, kò léyín. Bí edé wẹ́wẹ́ bá ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀, fìn! ó ti fà á mu. Ìyá ọkọ mi ní kò sí àpò oúnjẹ nínú ẹ̀, ìfun gbọọrọ kan ni, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Láràárọ̀ lọkọ mi ń pààrọ̀ omi ẹ̀, tó sì ń fi asẹ́ bá a wá edé kéékèèké, ti òun ti Rámátù lẹ́yìn.

Àbíkẹ́yìn yín ní wọ́n kọ ọ́ sínú fóònù pé ẹja náà ti ń tán lọ. Kó má tán ńkọ́? Wọ́n ti gé igi ẹ̀gbà, wọ́n da yanrìn sórí koríko, àwọ̀n tó ń wọ́ nílẹ̀ omi ń kó ti ìyá ti ọmọ, wọ́n tún ń sá a gbẹ, wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń gbé e lọ sókè òkun. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ibo ló máa sá sí? Ó dùn mí, ẹ má wò ó pé mò ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ mélòó kan sígbà tí mò ń sọ, ọkọ mi tún rí ọ̀kan, níbi tó ti mú àkọ́kọ́ gan-an. Ìyẹn tẹ́ẹ́rẹ́, kò níkùn. Ó gbé òun náà sínú ìgò. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la rí nǹkan. Ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ náà rọra wá bá Ìyàwó Kékeré, àwọ̀ àwọn méjèèjì yí padà, wọ́n mọ́lẹ̀ díẹ̀, wọ́n jọ fi ìrù di igi kan mú, wọ́n ń yí i ká, wọ́n ń tẹrí ba fún ara wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, kálukú bá tiẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ọkọ ẹ̀ ló wá kí i! Ẹ wo ẹja tó mọ̀ pé aboyún là ń bi pé báwo lara!" Ó wá ń fi bú gbogbo ọkùnrin ilé tí kì í kí ìyàwó wọn láàárọ̀.

Ọjọ́ Mọ́lúdì gan-an ni Ìyàwó Kékeré rọbí. Àwọn ọmọ ilé kéú ń kọrin kọjá lójú títì, wọ́n ń pín sàárà káàkiri, èmi ń jẹ àkàrà lórí ẹní. Mo kàn rí i tó ń tẹ síwájú, tó ń tẹ sẹ́yìn, àpò ikùn ẹ̀ là, nǹkan wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bí èéfín. Ẹṣin ni gbogbo wọn o! Ẹṣin tí kò tó èékánná, tí orí àti ìrù ẹ̀ pé. Mo ké, ilé kún. Wọ́n kí mi, "Ẹ kú ewu ọmọ," èmi ìyálé. A gbìyànjú láti kà wọ́n, a ò lè kà wọ́n tán. Ọkọ mi bu àwọn ọmọ náà lọ sábẹ́ igi ẹ̀gbà tó ti mú òbí wọn, ó ní ìgò ò lè bọ́ wọn.

Ayọ̀ ọjọ́ náà ló fa àṣìṣe Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ọjọ́ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ku ọ̀túnla, ó fẹ́ẹ́ tọ́jú abiyamọ. Ó da omi ìgò nù, ó lọ pọn omi ẹ̀rọ tó mọ́ lóló, ó bù ú sí i. Ẹja omi iyọ̀! Ọkọ mi sáré bu omi ọ̀sà wá, ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ ti kú. Ìyàwó Kékeré nìkan ló yè é. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ń sunkún pé òun ti sọ ọmọlọ́mọ di opó.

Ìyá ọkọ mi ò lè rí òkú ẹja kó má la inú ẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ ẹ̀, ó là á lórí ọwọ́. Ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Èwo lẹ ní ó jẹ́ ọkọ?"

Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ nu imú. "Èyí tó kú yìí ni, Màámi."

"Súbúhànálláhì. Ẹ wá wò ó." Ẹyin ló kún inú ẹ̀, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. "Láti kékeré ni mo ti ń la ẹja. Èyí tó bá lẹ́yin nínú, obìnrin ni. Ìyá rèé." Ó wá fi ẹnu ọ̀bẹ nàka sí ìgò. "Èyí tó gbé oyún, tó rọbí, tó bímọ lójú gbogbo wa, bàbá ni. Ìyá ń yé ẹyin sínú àpò ikùn bàbá, bàbá ló ń gbé e títí wọ́n fi ń di ọmọ."

Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ló kọ́kọ́ lanu, omijé ṣì wà lójú ẹ̀: "Yé è! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọwọ́ ara yín gbé ọkùnrin wá bá ìyàwó yín ní yàrá!" A rẹ́rìn-ín débi pé ẹsẹ̀ mi ń dùn mí nínú ọparun. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, Rámátù ń mì lẹ́yìn ẹ̀. Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìgò, ó wo ọmọ ẹ̀, ó nu ọ̀bẹ, ó jáde. Kò sọ pé Sátidé yẹ̀, kò sì sọ pé kò yẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ mi dá Ìyàwó Kékeré padà sínú ọ̀sà, èmi sì di ẹrù ọmọ mi.

Sátidé mọ́. Wọ́n fi àga gbé mi dé Ẹbúté Èrò, ọkùnrin méjì, bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Èrò kún, wọ́n ń di ẹrù sínú ọkọ̀, iṣu, agolo, aṣọ. Ìyá ọkọ mi dé. Ìborùn tó máa ń lò lọ́jọ́ Iléyá ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì mọ̀ pé òun ló máa fi pọn ọmọ mi lọ. Ó gba Rámátù lórí itan mi. Ọmọ fi igbe ta. Bùráímọ̀ náà wà níbẹ̀, ó ń bá wọn tú okùn. Ó rí ọkọ mi, ó ní, "Ìyá Rámátù, ẹ pẹ̀lẹ́ o, wọ́n ti gbọmọ lẹ́yìn yín!"

Ìyá ọkọ mi yíjú sí ọmọ ẹ̀. Ó ní, "Bẹ̀rẹ̀."

Ọkọ mi ò gbọ́ ọ yé.

"Mo ní kó o bẹ̀rẹ̀!"

Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú gbogbo ẹbúté. Ìyá ẹ̀ gbé ọmọ lé e lẹ́yìn, ó ta ìborùn Iléyá lé e, ó fà á le, ó dì í, ó tún orí ọmọ ṣe kó má bàa wọ́. Ó wá kọjú sí Bùráímọ̀.

"Ẹja tó o ti ń já kúrò lára àwọ̀n láti kékeré, bàbá ẹ̀ ló ń gbé ọmọ. O ò mọ̀. Apẹja wo wá ni ọ́?"

Ẹbúté hó yèè. Bùráímọ̀ wá okùn tó máa tú, kò rí i. Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ fọn fèrè, ó yí imú, ó lọ. Rámátù ti sùn lẹ́yìn bàbá ẹ̀.